Míǹtì Tí Lájídé Fi Sílẹ̀

Kí Lájídé tó lọ ṣiṣẹ́ lórí òṣùpá, ó fi ẹ̀ka míǹtì, ewé olóòórùn dídùn kan, sínú ìgò omi fún Fadérera, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Bí míǹtì bá kú, àdéhùn ìgbéyàwó tú nìyẹn, òfin ni. Nígbà tí ewé rẹ̀ rọ, Fadérera fi efinrin pa á lára kó lè máa ta sánsán bí ewé tútù, kí ìyá olùyẹ̀wò tí ìjọba ń rán wá tó dé.

Nígbà tí ìyá náà dé, ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbóòórùn ké.

“Efinrin rèé, ọmọ mi.” Ìyá náà gbé ìgò sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Gbòǹgbò funfun kún inú rẹ̀. “Ewé lásán ló rọ. Kò kú rárá.”

“Ẹ bá mi kọ bẹ́ẹ̀, mà.”

“Ẹ̀rọ ti ránṣẹ́ lọ: ayédèrú, òfin sì kà á bí ikú. Àdéhùn yín ti tú.”

Nígbà tí ìyá náà lọ tán, Fadérera pààrọ̀ omi inú ìgò náà, bó ti máa ń ṣe láràárọ̀.