Igi Tó Ṣíji Bo Òrùlé

Oníṣẹ́ sólà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

“Màmá, páànù yín ti dógùn-ún jù. Kò lè gbé sólà.”

Ìyá wo kùkùté igi tó ti ń gba atẹ́gùn lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti délé ọkọ. Ọmọ rẹ̀ tó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gé e, kí sólà ìyá lè rí oòrùn.

“Lẹ́yìn tí mo ti gégi?”

“Ṣebí mo ti sọ fún bọ̀dá yìí kí ẹ tó gé e. Mo ní òrùlé tiwọn ló dáa, pé igi yín ló ṣíji bò ó.”

Ọmọ ń wolẹ̀. “Màámi, màá fa wáyà kan wá fún yín láti ilé mi.”

Ìyá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀. Ibòji kan ṣoṣo tó kù ni ti ògiri ilé ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sínú oòrùn.