Ohun Tó Gbé Ìró Mì Nínú Táǹkì Chingfa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á dé òpin, torí ìsàlẹ̀ ni ibi tó dùn mí jù wà.

1.
Chingfa ni ọ̀gá àwọn tó ń se ike ní iléeṣẹ́ kan ní ìlú Kaohsiung níbí. Táǹkì kan ṣoṣo ni ẹ̀ka wọn ní. Inú rẹ̀ ni omi ike ti ń gbóná, tó ń ki díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì tú u jáde kó tó dì. Ta ló lè rí inú irin? Ẹ̀rọ kan ló ń bá wọn wò ó, ó jọ èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aboyún. Á rán ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ wọ táǹkì, á sì gbà á ní òdìkejì. Bí omi náà bá ṣe ń ki sí i ni ìró ń yára sí i. Ẹ ò rí nǹkan! Èmi ti rò pé ṣe ló yẹ kó máa falẹ̀.

Wọ́n gbé àpò ìpápánu aláwọ̀ ewé kan sórí àpótí ẹ̀rọ náà, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe níbí, kí ẹ̀rọ má baà ya aláìgbọràn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pupa bí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, ọjọ́ ìlò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá.

2.
Lọ́jọ́ kan, àwọn oníbàárà wá wòran. Bí ike ọjọ́ náà bá dára, iṣẹ́ ń lọ; bí kò bá dára, iléeṣẹ́ á ti ẹ̀ka náà pa. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ni Chingfa wọ̀.

Shuyun, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ló jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà. Ó pariwo lójijì: "Ẹ̀gbọ́n, ìró ń wọlé, kò jáde mọ́ o!"

Chingfa yí àpò ìpápánu wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Wò ó! Oṣù tó kọjá ni ọjọ́ ẹ̀ ti pé. Tí wọ́n bá fún ìwọ náà ní oúnjẹ tó ti bàjẹ́, ṣé o ò ní bínú?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn àlejò.

"Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ló gbé ìró mì? Ẹ jẹ́ ká ṣí omi tútù sí ara táǹkì ná."

"Àbúrò, ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò ni? Sáré lọ ra òmíràn. Kó jẹ́ àwọ̀ ewé o!"

Shuyun lọ. Ìbéèrè yẹn kọ́kọ́ wà lọ́kàn Chingfa, àmọ́ ó bu tíì fún àwọn àlejò, ó sì gbàgbé rẹ̀.

3.
Bí Shuyun ṣe ń gbé àpò tuntun kalẹ̀ ni táǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ sá!" ni Shuyun pariwo.

Omi ike ti ń hó láti ìgbà tí ìró kò ti jáde mọ́. Ìfófó ló kún inú rẹ̀, ìfófó sì ni í gbé ìró mì. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́ rárá; dídákẹ́ tó dákẹ́ ni iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ìfófó gbígbóná tú jáde lókè táǹkì. A dúpẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èyí tó kù sínú rẹ̀ dì bí òkúta.

Àwọn oníbàárà lọ, wọn ò padà. Wọ́n ti ẹ̀ka náà pa. Chingfa fúnra rẹ̀ wọ inú táǹkì, ó ń fi òòlù gbẹ́ ike, ó ń sunkún. Shuyun gbé omi lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu omi."

"O bi mí léèrè, Shuyun. Ìpápánu ni mo rán ẹ."

Nígbà tí Chingfa wọlé lọ kó ẹrù rẹ̀, àpò tuntun náà ṣì wà lórí ẹ̀rọ, ó ń dán. Ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, n ò ní kí ẹ má gbé ìpápánu sórí ẹ̀rọ. Èmi náà ń gbé e. Ṣùgbọ́n bí ohun tó máa ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́ lójijì, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ má sì lé ẹni tó ń béèrè jáde. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ọ̀gá tí kì í fẹ́ gbọ́ ìbéèrè: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.