Onígbàjámọ̀ Tí Ó Ka Ara Rẹ̀ sí Ẹni Mẹ́ta

Onígbàjámọ̀ kan wà tí ó mọṣẹ́, tí ó sì láàánú, ṣùgbọ́n àlébù kan ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: ó fẹ́ràn kí òun máa ju ẹlòmíràn lọ, kódà níbi tí òun kò ti ṣiṣẹ́ fún un.

Odò kan ló la orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí méjì. Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ará òkè àti àwọn ará ìsàlẹ̀ dọ́gba níye, òfin fún apá kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n máàkì nínú yíyan ààrẹ, tí wọ́n ń pín fún àwọn olùdíje gẹ́gẹ́ bí ìbò apá náà bá ṣe lọ. Nígbà tó yá, àwọn ará ìsàlẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fi ẹyọ kan kún máàkì wọn. Bí ìbò ẹnì kan lókè ṣe wá wúwo tó ti ẹni mẹ́ta nísàlẹ̀ nìyẹn. Apá òkè ni onígbàjámọ̀ ń gbé. Bí ó bá ti ń pọ́n abẹ, á ní, "Ẹ má fojú kékeré wò mí o. Ẹni mẹ́ta ló ń fá yín lórí yìí." Àwọn oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín. Ẹni-Mẹ́ta ni wọ́n sọ ọ́.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tí wọ́n ń kà sí ẹni mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ni á kọ́kọ́ fá. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ọlọ́pàá kan fẹ́ fo alágbàṣe kan dá, abẹ ló fi tọ́ka sí ìparí bẹ́ǹṣì. Ó ní orí kan ni ọ̀gá gbé wá, orí kan náà ni alágbàṣe gbé wá.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Olùkọ́ ni, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ń gbé ní apá ìsàlẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń gba orí afárá irin kọjá wá fá orí bàbá rẹ̀, nítorí bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Á rẹ abẹ sínú omi gbígbóná, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n bàbá, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bàbá kì í jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn kan orí òun.

Ní Sátidé kan, ó sọ fún bàbá pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé ìwé kiri láti tún òfin náà ṣe, kí ìbò gbogbo lè ní ìwọ̀n kan náà. Apá méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dìbò gbà á. Ó fi kún un pé afárá ti ń dógùn-ún, pé ẹni tó ṣèlérí láti tún un ṣe ni àwọn ará ìsàlẹ̀ fẹ́, ṣùgbọ́n pé ìbò wọn kì í tó.

Bàbá ní, "Ṣé kí n wá fi ọwọ́ ara mi sọ ara mi di ẹyọ kan ni?"

"Bàbá mi, lórí bẹ́ǹṣì yín yìí, ta ni ẹni mẹ́ta?"

"Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìjọba."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ìdámẹ́ta ọmọ lẹ bí ni?"

Bàbá mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti dùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń rọ gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n kọ àtúnṣe náà. Ta ló sì máa bá ẹni tó mú abẹ sí i lọ́rùn jiyàn? Nígbà tí ọjọ́ pé, apá ìsàlẹ̀ gbà, apá òkè kọ̀. Ìbò mẹ́rìnlá péré ni àwọn tó kọ̀ fi ju àwọn tó gbà lọ. Ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn lójúmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí àwọn ará òkè fẹ́ ló di ààrẹ. Ìbò ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ará ìsàlẹ̀ ló nílò kó tó wọlé, kò sì rántí afárá wọn. Kí ọdún tó yípo, òpó kan yẹ̀, wọ́n sì fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí afárá náà lójú méjèèjì. Odò ibẹ̀ kò gba ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀nà tó yí ká, odidi ọjọ́ kan ni nínú mọ́tò, ọmọbìnrin náà sì ti lóyún.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, bàbá gbé omi kaná. Omi náà hó títí ó fi tutù. Nígbà tó di oṣù kẹta, irun rẹ̀ ti bo etí. Oníbàárà kan rọra sọ pé irun bàbá náà ti di ẹni mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n pè é lórí fóònù pé ọmọ rẹ̀ ti bímọ, ó lọ sí etí odò. Ọmọbìnrin náà dúró lódì kejì, ó gbé ìkókó náà sókè. Bàbá fi ọwọ́ ṣíji bo iwájú orí, ó wò ó títí. Aṣọ funfun ló rí, kò rí ojú ọmọ.

Nígbà tó yá, ogbó kò jẹ́ kí ó lè fi abẹ ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gba ọ̀nà jíjìn yẹn, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún gbé ìwé àtúnṣe náà dé. Bàbá pe àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ níkọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀ wọ́n. Bíríkìlà kan tí bàbá ti ń fá lórí láti ogún ọdún sẹ́yìn ló dá a lóhùn pé, "Bàbá, ṣé ká wá fi ọwọ́ ara wa sọ ara wa di ẹyọ kan ni? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa." Apá òkè tún kọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ààrẹ, bàbá tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ará ìsàlẹ̀. Ẹni tó ti jẹ́ ẹni mẹ́ta rí kò wá pé ẹnì kan mọ́. Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ ti gbé omi kaná.

Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo sọ ọ́ di ìdámẹ́ta."

Ọmọbìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, bàbá mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kó yé wa: òfin tó sọ ẹlòmíràn di kékeré, ó lè jẹ́ ọmọ ẹni ló ń wọ̀n. Orí kan, ìbò kan, ìwọ̀n kan. Ohunkóhun tó bá ju ìyẹn lọ, ìrẹ́jẹ ni. Ìgbà tí òfin burúkú ń gbè wá gan-an ló yẹ ká tún un ṣe. Bí ó bá yí padà lòdì sí wa, àwọn tí a fi sílẹ̀ lókè kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa, nítorí àwa la kọ́ wọn ní èsì tí wọn yóò fún wa.