Àpò Ìwé Tí Wọn Kò Tíì Tú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ jókòó dáadáa, ẹni tó jìnnà ni kì í gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀.

Ìyá kan bí ọmọbìnrin méjì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń ránṣọ nínú yàrá kan. Ẹ̀gà ni àdúgbò ń pe ọ̀kan, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ìgbín ni wọ́n ń pe èkejì: òun ló ń fi téèpù wọn aṣọ, tó ń gé e, kì í fọhùn. Bọ́tìnnì ni Ẹ̀gà ń rán mọ́ ọn.

“Ẹ̀gà, jẹ́ kí ètè sinmi lára eyín,” ni ìyá máa ń wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olùwádìí kan dé pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò ní sọ̀rọ̀ láyé. Wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe dàgbà sí. Bí kò bá lè dá gbé, wọ́n á mú un lọ sílé ìtọ́jú.

“Ẹ má sọ èwo ni fún wa o, Mà,” ni olùwádìí wí. “Orúkọ rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí. Ó dọ́fíìsì ká tó tú u, ká má bàa ṣègbè.”

Ìyá tẹ̀ka síwèé pé òun ò ní sọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọmọ yẹn wà ní kékeré, ojoojúmọ́ ló ń mú ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ṣíbí, abẹ́rẹ́, tó ń pe orúkọ wọn sí i létí, títí ohùn fi há a.

Wọ́n fi àwòrán agbòjò han Ìgbín.

“Agbòjò,” ló wí, ó sì ń gé aṣọ rẹ̀ lọ.

Wọ́n fi han Ẹ̀gà.

“Háà! Ó mà jọ ti bàbá wa, tí afẹ́fẹ́ gbé lọ, tí wọ́n ń sá tẹ̀ lé e bí ẹni ń lé adìẹ!”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bọ́tìnnì mélòó ló wà níwájú yín?” ni olùwádìí bi í.

Ẹ̀gà wo Ìgbín, ó wá yíjú sí olùwádìí. “Ẹ̀yin náà ṣáà lójú, Àǹtí. Ẹ bá mi kà á.”

Òjò ńlá dé, kò dá. Orí àga làwọn àlejò sùn.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí wọ́n gbé báàgì wọn. Olùwádìí sọ ọ́ sí ìyá létí: “Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ẹnikẹ́ni ò ní mú ọmọ yín lọ. Ẹ̀gà á máa tọ́jú rẹ̀.”

Ìyá wa di ẹnu mú títí wọ́n fi yà ní kọ́nà, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi Ìgbín náà ju síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín, torí orúkọ tó wà nínú àpò ìwé yẹn, orúkọ èmi ìyá-ìyá yín ni.