Ilé tí Wọ́n Bí Thady Sí

Packie, bàbá ọkọ mi, ṣì wà láàyè nígbà náà, ní Leitrim níbí, ní ilẹ̀ Ireland.

Obìnrin kan wọlé. Lorraine ni, láti Amẹ́ríkà. Òjò ti pa á.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ilé tí wọ́n bí bàbá bàbá mi sí ni mò ń wá. Thady Mulvey."

Ó kó ìwé ìsàmì àti ìwé owó orí ilẹ̀ jáde. Ìwé mú un dé abúlé wa, kò mú un dé ẹnu ọ̀nà.

Packie ní, "Àbí ilẹ̀ lo wá gbà?"

"Ilẹ̀ kẹ̀, bàbá? Kí n sáà fojú rí ibẹ̀."

"Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn."

Packie pa ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dé. Ó mú Lorraine lọ sí òdìkejì títì, níbi tí òkúta wó jọ sí.

"Òun nìyẹn."

Lorraine kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sunkún, ó mú òkúta kan lọ sílé.

Ọdọọdún ló ń padà wá kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá Packie dùbúlẹ̀, Lorraine wá kí i ní yàrá. Mo gbé tíì fún wọn.

"Lorraine, ọmọ mi, dìde lórí àga yẹn. Jókòó sórí ibùsùn."

"Kí ló dé, bàbá?"

"Inú yàrá yìí, lórí ibùsùn yìí, ni wọ́n bí Thady sí."

"Àwọn òkúta yẹn wá ńkọ́?"

"Ilé ẹlẹ́dẹ̀ wa àtijọ́ ni."

Lorraine wò mí. Èmi ń wo inú ife.

Ó jókòó sórí ibùsùn, ó di ọwọ́ Packie mú.

Tíì náà kò tíì tutù tí Packie fi kú.