Àlejò Orí Ìjókòó Kẹta

Ọjọ́rú ni àlejò náà kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngán tí àwọn yunifásítì ti ń figagbága nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní ìlú Benin. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kò tíì jáde nígbà tó dé. Ó jókòó sórí ìjókòó kẹta láti ìsàlẹ̀, ó yọ ìwé kékeré kan, ó sì ṣí i. Akọ̀wé ìdíje gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè ló rán ọkùnrin náà wá, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì mú. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tó béèrè ta ni. Adékọ́lá ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, òun nìkan ló sì ń jẹ ìdajì àmì tí yunifásítì rẹ̀ ń jẹ.

"Na me e come see," ló wí fún Ìbráhìm, ẹni tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù fún un. Ìbráhìm kò ga. Adékọ́lá kì í sábà wo ojú rẹ̀ tó bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Mojísọ́lá, ìyá Adékọ́lá, jẹ́ ọ̀gá ní báǹkì kan. Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́ títí di Sátidé. Ojoojúmọ́ ló ń wakọ̀ wá láti àdúgbò Ugbor, tí ó ń jókòó sẹ́yìn àlejò gan-an, tí ó sì ń ṣọ́ bíírò rẹ̀.

"Ó tún ti kọ nǹkan," ló sọ fún Fẹ́yìsayọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ṣùgbọ́n eré ti dúró, Ìyá Kọ́lá. Rẹfirí ló fọn fèrè."

"Ṣé o mọ básíkẹ́ẹ̀tì ni? Ìgbà tí eré bá dúró lèèyàn ń ráyè kọ̀wé."

Tí Adékọ́lá bá ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, tí gbogbo gbọ̀ngán bá ń hó, àlejò náà kì í pàtẹ́wọ́. Mojísọ́lá ní bí àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó gbé mọ́lítì tútù fún un. Ọkùnrin náà dúpẹ́, kò gbà á.

Ọláfúnkẹ́ ni rẹfirí, obìnrin kúkúrú kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Upper Sakponba. Wọ́n ti rán bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mojísọ́lá wo bàtà náà, ó yínmú.

"Níbo ni wọ́n ti rí eléyìí? Kó máa lọ fọn fèrè fún àwọn ọmọ tó ń tò lórí ìlà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, kóòṣì wọn, Èṣùbíyì, bá ìyá àtọmọ lẹ́nu géètì, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ kí Adékọ́lá tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì lójú ẹsẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa," ni kóòṣì wí. "Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde."

Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín. "Kóòṣì, ẹ ṣeun. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi kì í gbá bọ́ọ̀lù fún owó súyà."

Èṣùbíyì wo Adékọ́lá. Ọmọ náà ń mu mọ́lítì tí àlejò kò gbà.

"Make dem carry their Ìbàdàn go," ló fi dá a lóhùn.

Kóòṣì jíṣẹ́ náà lórí fóònù, ó fetí sílẹ̀ díẹ̀, ó sì lọ gbé fóònù fún Ìbráhìm.

Sátidé ni àṣekágbá. Nígbà tó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, àmì kan ni ẹgbẹ́ Adékọ́lá fi wà lẹ́yìn. Adékọ́lá gba bọ́ọ̀lù, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ láyà, ó fò sókè, ó sì jù ú sáwọ̀n. Gbogbo ènìyàn dìde. Ṣùgbọ́n fèrè ti dún. Ọláfúnkẹ́ nawọ́ sí ọmọ tó wà nílẹ̀. Àmì náà kò wọlé.

Adékọ́lá wá dúró lé Ọláfúnkẹ́ lórí. Obìnrin náà fi ọdún mọ́kàndínlógún jù ú lọ.

"Ṣé o fọ́jú ni? Padà lọ kọ́ àwọn ọmọ rẹ ní A, B, D."

Ọláfúnkẹ́ gbójú sókè wò ó. "Ìkìlọ̀ nìyẹn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, wàá jáde."

"Aláìmọ̀kan!" Mojísọ́lá ń pariwo látòkè. "Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

Ẹnì kan ju ike omi, ó ba Ọláfúnkẹ́ léjìká. Kò sún sẹ́yìn. Adékọ́lá tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Obìnrin náà nàka sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró títí ọmọ náà fi jáde, ó sì gbé bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Wọ́n fi àmì mẹ́ta na ẹgbẹ́ Adékọ́lá.

Àlejò ti ṣí ojú ewé tuntun.

"Ṣé o rí i?" ni Mojísọ́lá wí fún Fẹ́yìsayọ̀. "Ó ń kọ bí wọ́n ṣe rẹ́ ọmọ mi jẹ."

Ó sáré lọ mú Adékọ́lá wá, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, àwọn méjèèjì sì dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àlejò pa ìwé rẹ̀ dé, ó ń sọ̀ bọ̀. Adékọ́lá na ọwọ́. Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bí kì í bá ṣe tirẹ̀, òun kì bá tí rí ohun tí òun wá wò. Mojísọ́lá dì mọ́ Fẹ́yìsayọ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà náà ni àlejò kọjá lára wọn lọ síbi tí Ọláfúnkẹ́ ti ń nu omi kúrò léjìká, ó fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì ní agbábọ́ọ̀lù kún líìgì àwọn dẹ́nu, rẹfirí ni àwọn ń wá.