Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Ta Omi Ìrèké fún Bàbá Yìí

Omi ìrèké oníyìnyín tí mo rà lọ́wọ́ Ìyá Nhàn ni mò ń gbádùn létíkun Vũng Tàu.

Bàbá kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìyá náà, aṣọ ìnura bò ó láti ìbàdí délẹ̀.

"Jọ̀ọ́, fún mi ní ife kan."

"Òǹgbẹ ni kó pa ọ́!"

Ìyá Nhàn tún kígbe sáwọn ìsọ̀ yòókù: "Ẹni tó bá tà fún un, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà!"

Inú bí mi. Mo na ife mi sí bàbá.

Ìyá Nhàn gbá a dànù.

"Ìyá, ẹ mà burú o!"

"Ọkọ mi ni, aláàánú òṣì!"

Ó ká aṣọ ìnura náà sókè. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

"Àtọ̀gbẹ ló mú kí wọ́n gé èkejì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bu omi ìrèké fún un láràárọ̀ kó tó di pé wọ́n gé e. Ó yá, lọ ra òmíràn fún un!"